Àbúrò mi fẹ́ ṣe dókítà ẹbí, Bàbá wa fárígá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Kubwa l'Abuja ni mo wà. Àbúrò mi obìnrin ti fẹ́ parí ẹ̀kọ́ dókítà, ó ní dókítà ẹbí lòun fẹ́ dà, ìyẹn dókítà tó ń tọ́jú tọmọdé tàgbà, àìsàn yòówù kó jẹ́, kóun máa ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn alábọ́dé lápá Kwali tàbí Abaji, lẹ́yìn ìlú Abuja. Bàbá ní àwọn ò ta ilẹ̀ Ọ̀fà torí ìyẹn, oníṣẹ́ abẹ ọkàn làwọn fẹ́.

Ẹ̀yìn àbúrò mi ni mo wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò sẹ́ni tó tètè yẹ̀ ẹ́ wò ló ń di rọpárọsẹ̀. Àjẹsára, ibà ọmọdé, ìtọ́jú aláboyún, nílé ìwòsàn alábọ́dé náà ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo rán Bàbá létí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó di mínísítà ìlera ní 1985, tó gbé ètò ìlera alábọ́dé dé ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé Kwali ni mínísítà yẹn ń gbé?” Ẹ̀rín pa mí, kí n má parọ́.

West African College of Physicians, tó ń dá dókítà lẹ́kọ̀ọ́ síwájú sí i, ń fúnni lóyè nínú iṣẹ́ dókítà ẹbí. Ìyẹn lè tu Bàbá lójú díẹ̀, wọ́n fẹ́ràn oyè.

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí lókè Ọya, ṣé owó oṣù ń wọlé déédéé? Báwo lẹni tí kò gbọ́ Haúsá tàbí Gbàgyí ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀? Ta ló sì lè bá mi pe Bàbá? Àgbà dókítà ni kó jẹ́ o, wọn ò ní dá ọmọdé lóhùn.