Ọmọ mi ní òun ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kicker Ohio State

Ìyá Bọ́lá (Columbus, Ohio):
Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìyèdún. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bọ́lá ni kicker, ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó, nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré) ti ilé ìwé girama wọn. Láti alẹ́ 31 oṣù Kejìlá 2022 tí Yunifásítì Georgia ti na Ohio State, yunifásítì ìlú wa níbí, ní 42 sí 41 l'Átíláńtà, ó ní òun ò ṣe mọ́.

Ó dun èmi náà wọra. 38 sí 24 la fi ń ṣíwájú nígbà tí kọ́tà kẹrin, ìdá tó kẹ́yìn eré, bẹ̀rẹ̀! Inú ìsìn àìsùn la wà, Bọ́lá tẹ́ fóònù sáàárín Bíbélì. Nígbà tí C.J. Stroud, ẹni tó máa ń ju bọ́ọ̀lù fún wa, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá yáàdì 27, mo ní ó ti parí. Àfi bí Noah Ruggles, kicker wa, ṣe gbá èyí tí ì bá fún wa ní àmì mẹ́ta ká fi borí láti yáàdì 50, tí bọ́ọ̀lù yà sósì pátápátá. Gbogbo ìjọ ń pariwo Halelúyà ọdún tuntun, ọmọ mi dorí kodò.

Èébú tí wọ́n bu ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn náà ló bà á lẹ́rù. Bàbá rẹ̀ ní kó fi sílẹ̀, kó gbájú mọ́ ìwé. Kí ni kí n sọ fún un?

Wálé (Houston):
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jẹ́ kó tún kọ́tà kẹrin yẹn wò. Ruggles yìí náà ló gbá ti yáàdì 48 wọlé tó sọ ọ́ di 41 sí 35. Ta ló rántí? Arian Smith ti Georgia gba bọ́ọ̀lù kan sáré yáàdì 76 torí pé ẹni tó ń ṣọ́ ọ ṣubú. Lẹ́yìn tí Stroud sáré yẹn tán, dípò kí wọ́n tún sún mọ́ iwájú sí i, yáàdì kan ni wọ́n pàdánù. Kicker kọ́ ló jẹ̀bi gbogbo ìyẹn.

Àdùkẹ́:
Bọ̀ọ̀dá Wálé, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ọmọ náà ò béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ̀rù ń bà á ni. Mọ́mì, ẹ bá a lọ sí pápá, ẹ̀yin fúnra yín ẹ bá a di bọ́ọ̀lù mú, kó bẹ̀rẹ̀ láti yáàdì 20. Ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Bàbá Àkúrẹ́:
Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tún bẹ̀rẹ̀ ìdíje ilé ìwé. Kí ló ń lé yín? Ẹ bẹ bàbá rẹ̀ pé kó má tíì pàṣẹ.

Ìyá Bọ́lá:
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará. Bàbá rẹ̀ ti gbà pé ká dúró. Àdùkẹ́, Sátidé la máa lọ, bí yìnyín ò bá bo pápá. Ṣùgbọ́n ti Marvin Harrison Jr., ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí Stroud bá jù, ò tíì kúrò lára mi. Rẹfirí ti fọn ẹ̀ṣẹ̀ fún bí ará Georgia ṣe kọlù ú, wọ́n wo fídíò, wọ́n fagi lé e, ọmọ náà ò sì lè padà wọlé. Georgia wá lọ na Yunifásítì TCU ní 65 sí 7 ní àṣekágbá. Bọ̀ọ̀dá Wálé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mòfin eré yìí, ṣé ó yẹ kí wọ́n fagi lé e?