Kíkúrò nílé ìjọba n'Íjẹ̀bú-Òde: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ìdílé tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn bá fẹ́ kó kúrò nílé ìjọba lọ sílé onílé, owó ilé nìkan kọ́ ni ìnáwó. Yàrá ₦200,000 lọ́dún, tí ejẹ́ǹtì àti agirimẹ́ǹtì bá gba ìdá kan nínú mẹ́wàá níkọ̀ọ̀kan, ti di ₦240,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Mítà iná ló tún burú jù: bí ayálégbé àná bá jẹ gbèsè sórí ẹ̀, gbèsè yẹn ló máa kọ́kọ́ jẹ nínú káàdì iná tuntun tí wọ́n bá rà. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà á sì pàdánù oníbàárà (àwìn tó wà níta ńkọ́?). Bí ilé tuntun bá wá jìnnà síléèwé ọmọ ńkọ́? Ṣé kí wọ́n dúró di ìparí táàmù kí wọ́n tó kó ni, àbí kí ọmọ máa wọ ọ̀kadà lọ síléèwé àtijọ́?