Bàbá mi gba aago ọwọ́ gbọ́ ju dókítà lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àkọ́bí Bàbá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní bú bàbá mi.

Ọdún kẹjọ rèé tí dókítà ti sọ fún wọn pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọn kì í fi oògùn wọn ṣeré tẹ́lẹ̀. Àfi bí nǹkan méjì ṣe wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Ẹnìkan fi fídíò ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp: dókítà kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ń sọ níbẹ̀ pé hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba kíndìnrín jẹ́, kí èèyàn jù ú nù, kó máa mu àgbo kan tí wọ́n ń tà nínú ìgò. Àbúrò mi náà sì ra aago ọwọ́ fún wọn, irú èyí tó ń ka ìṣísẹ̀ ẹni, tó tún ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ru tó. Láti ìgbà náà, wọ́n ti pa oògùn wọn tì, àgbo yẹn ni wọ́n ń mu. Bí mo bá ti ní "Bàbá, oògùn yín ńkọ́?", ọwọ́ ni wọ́n máa nà sí mi: "Wò ó fúnra rẹ. 118 lórí 76. Ara mi le."

Ó wù mí kí n gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ Sátidé, nígbà tí wọ́n bọ́ aago náà sílẹ̀ láti lọ wẹ̀, mo so ó mọ́ ọwọ́ ara mi: 119 lórí 77. Mo so ó mọ́ ọwọ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà: 117 lórí 76. Mo wá ká aṣọ ìnura, mo so aago náà mọ́ ọn. Iná aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú, ó wá gbé èsì jáde: 118 lórí 78. Aṣọ ìnura o! Ara mi bù máṣọ.

N kò tíì sọ fún wọn. Bàbá mi kì í ṣe òpè, ìròyìn kì í sì í fò wọ́n. Nígbà tí mo dá ọ̀rọ̀ fídíò yẹn sílẹ̀, ohun tí wọ́n bi mí ni pé: "Ní 2020, ṣebí wọ́n ní hydroxychloroquine, oògùn ibà yẹn, ń wo kòrónà? Kò pẹ́ tí wọ́n tún ní kò wò ó. Ta ni kí n wá gbà gbọ́?" N kò rí èsì fọ̀. Báwo ni mo ṣe máa gbé e kalẹ̀ tí kò fi ní dà bíi pé mo fẹ́ dójú tì wọ́n?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Àkọ́bí. Ká tó dé orí aago, orúkọ wo ló wà lára páálí oògùn tí wọ́n pa tì? Ẹ lọ wò ó lónìí. Bó bá jẹ́ clonidine tàbí propranolol, dídá a dúró lójijì léwu, ẹ̀jẹ̀ lè ru kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìbẹ̀rù mú wọn da hóró ọjọ́ mélòó kan pọ̀ mu. Dókítà wọn ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀ padà. Bí orí bá ń fọ́ wọn bí kò ṣe fọ́ wọn rí, tí àyà ń dùn wọ́n, tí ẹnu yí sápá kan, tí apá kan rọ tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹ̀rọ tó ń fún apá, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ òkè ìgbọ̀nwọ́ tí afẹ́fẹ́ sì ń kún inú rẹ̀. Kí Bàbá tọ̀ kí wọ́n tó jókòó. Kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, kí ẹsẹ̀ kan má gun èkejì. Kí apá sinmi lórí tábìlì, kó ṣe déédéé ibi tí ọkàn wà. Ẹ má wé e lé apá ẹ̀wù o. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ má sì bá wọn sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ lásán ń gbé e sókè. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ 7, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ń dé 135 lórí 85 léraléra nínú ilé, ó ti ga.

"Ara mi le" tí wọ́n ń sọ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Nínú àwọn tí mo ń gbà wọlé lóru nítorí rọpárọsẹ̀, ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé kò sóhun tó ṣe àwọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà tó lé ní bílíọ̀nù kan ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀ rárá.

Ọmọ Ìyá Kan:
Ẹ gba aago yẹn lọ́wọ́ wọn, ẹ ní ó ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá Ìbejì:
Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Mo pa irú irọ́ yẹn fún màmá mi rí. Nígbà tí àṣírí tú, wọn kò sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún mi mọ́, ó sì lé lọ́dún kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni fídíò irú ti Bàbá yìí dé ọwọ́ wọn. N kò jiyàn. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ wá dókítà yìí lọ." A dé ojú ìwé dókítà náà gan-an lórí Facebook, ohun tó wà lókè pátápátá ni ìkìlọ̀ tirẹ̀ pé wọ́n ń fi AI, ọgbọ́n inú kọ̀ǹpútà, ṣe ayédèrú ojú àti ohùn òun, pé òun kò bá ẹnikẹ́ni ta àgbo. Màmá mi kà á tán, wọ́n tún un kà. Wọ́n padà sí fídíò náà, wọ́n ní, "Ẹnu rẹ̀ kò tiẹ̀ bá ọ̀rọ̀ lọ." Àwọn ló rí i fúnra wọn, kì í ṣe èmi.

Atúnfóònùṣe:
Mo ti tú irú aago bẹ́ẹ̀ wò. Iná wẹ́wẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ojú kékeré kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó bá padà láti ara. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń sọ nínú iṣan, ìmọ́lẹ̀ yẹn á máa pọ̀, á máa dín. Ìyẹn tó láti mọ bí ọkàn ṣe ń yára lù. Ṣùgbọ́n agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan, ìmọ́lẹ̀ kò lè fọwọ́ kàn án, ìṣirò ni aago fi ń méfò rẹ̀. Ti Samsung tó ń ṣe irú ẹ̀, ọjọ́ 28 kọ̀ọ̀kan ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tó ń fún apá tún un tọ́. Ti Apple tó jáde ní 2025 kì í tilẹ̀ sọ iye kankan, ọjọ́ 30 ló fi ń wo èèyàn kó tó kìlọ̀ pé kó lọ wọn ara rẹ̀ dáadáa. Èyí tí kò béèrè ohunkóhun, tó sì rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ìnura, iye tó dùn ún wò ni wọ́n kó sínú rẹ̀ látilé. Bó bá ń sọ ti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má dá a lóhùn: ní oṣù kejì 2024, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kò sí aago tàbí òrùka kankan tí àwọn fọwọ́ sí láti wọn ṣúgà láìgún awọ.

Kí Bàbá máa fi ka ìṣísẹ̀ wọn, kò burú.

Ọmọ Oníṣègùn:
Ẹ má sọ fún Bàbá pé ewé kì í ṣiṣẹ́. Kì í ṣe òótọ́, wọ́n á sì mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́. Ilé oníṣègùn ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí gan-an, gbòǹgbò igi wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi kápá rẹ̀: ní 1949, Rustom Jal Vakil, dókítà ará Íńdíà, ròyìn bí gbòǹgbò Rauvolfia serpentina ṣe mú un wálẹ̀ lára àwọn tó tọ́jú. Ní 1952, wọ́n yọ reserpine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, jáde láti inú rẹ̀. Ìbátan igi yẹn ni asofẹ́yẹjẹ tí àwa mọ̀. Tu Youyou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ṣáínà, náà gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015 lórí oògùn ibà tó ti ara ewé wá.

Ṣùgbọ́n àwọn yẹn mọ igi tí wọ́n mú, wọ́n mọ bó ṣe pọ̀ tó, wọ́n sì ń wo ara ẹni tó lò ó. Bàbá mi kì í bu àgbo fún ẹnikẹ́ni láìbéèrè ohun tónítọ̀hún ti ń lò tẹ́lẹ̀. Inú ìgò tiyín yìí, kí ló wà níbẹ̀? Bó bá jẹ́ pé gbòǹgbò liquorice ni wọ́n fi mú un dùn ńkọ́? Ìyẹn fúnra rẹ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Àgbo tí wọn kò kọ orúkọ ewé kan sára ìgò rẹ̀, èmi ọmọ oníṣègùn kò ní fi kan ẹnu.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà:
Ìbéèrè Bàbá lórí 2020 ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn, torí ibẹ̀ ló ti ń dùn wọ́n. Ó dun èmi náà. Ní oṣù kẹta, FDA gbà kí wọ́n lo hydroxychloroquine fún àwọn tí kòrónà dá dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Ní oṣù kẹfà, wọ́n fagi lé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ni pé wọ́n dán an wò. Àyẹ̀wò RECOVERY nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pín ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn bí ẹní ṣẹ́ kèké, wọ́n fún àwọn kan, wọn kò fún àwọn yòókù, àwọn tó lò ó kò sì yè ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ẹ gbà fún Bàbá pé àwọn kan ti fi ẹnu ńlá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wò ó. Ẹ má gbèjà ẹnikẹ́ni. Kí ẹ wá bi wọ́n pé, ẹni tó ń ta ìgò yìí, ara ta ló ti dán an wò?

Àkọ́bí Bàbá:
Ọlọ́run á bá mi san án fún gbogbo yín. Amlodipine ló wà lára páálí. Lánàá, ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Àgbà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ lórí 2020." Wọ́n gbójú sókè, ó jọ wọ́n lójú. Mo gbé aṣọ ìnura sílẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe ní Sátidé, mo ní kí wọ́n so aago náà mọ́ ọn fúnra wọn. 117 lórí 77. Wọ́n tú u, wọ́n so ó mọ́ apá àga. 118 lórí 76. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ká apá ẹ̀wù wọn sókè, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ tí mo yá wá. 166 lórí 98. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, 162 lórí 96.

Dókítà ní ká wá lọ́la. Ohun kan ló kù: Bàbá kò fẹ́ kí dókítà gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbo yẹn rárá.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ gbé ìgò náà dání, àti páálí oògùn, àti ìwé tí ẹ kọ iye sí. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú ara wọn kó tó kọ òmíràn lé e. Bí ojú bá ń ti Bàbá, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé e sórí tábìlì kí wọ́n tó jókòó, kí ẹ sì dúró tì wọ́n.