Àbọ̀ lórí ajá mi tó ń sá fi ewúrẹ́ sílẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Èmi tí mo kọ̀wé láti Texas lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn nípa Tanímọ̀la, ajá Great Pyrenees mi (irú ajá ńlá tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn) tó ń fo ọgbà lóru, tó sì ń hu bí mo bá ti wọlé, mo wá jábọ̀.

Ó ti dúró. Mo ta wáyà iná sókè ọgbà, mo ta òmíràn nítòsí ilẹ̀ níbi tó máa ń gbẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni imú rẹ̀ kàn án. Mo tún tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá.

Híhu yẹn ló gba àkókò. Èmi ni mo fà á: inú ilé ni mo ti tọ́ ọ láti kékeré, èmi ló kà sí agbo rẹ̀. Mo wá gba abo ajá àgbà kan tó ti ń ṣọ́ ewúrẹ́ tipẹ́, mo sì ń bọ́ Tanímọ̀la láàárín ewúrẹ́, n óò kúrò láìdágbére. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ le, ẹkún rẹ̀ ò jẹ́ kí n sùn.

Lálẹ́ àná mo tan tọ́ọ̀ṣì: ọmọ ewúrẹ́ méjì sùn mọ́ ọn níkùn, etí Tanímọ̀la nà síbi tí coyote, ẹranko ìgbẹ́ tó jọ ajá, ti ń ké lókèèrè. Kò dìde wá bá mi.

Ọmọ ọdún kan àbọ̀ ni. Irú wọn kì í sábà gbọ́n tán kí wọ́n tó pé ọdún méjì, nítorí náà mi ò tíì bọ́ GPS, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tó wà hàn mí, lọ́rùn rẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n má tà á.