Bàbá ti ilé ìwòsàn dé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prostate: rọ́bà ìtọ̀, ìgbẹ́ tó ń há, páàdì

Àkọ́bíBàbá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Bàbá wa, ẹni ọdún 66, ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ikùn ni wọ́n là, kì í ṣe ti oníhò kéékèèké. Ọjọ́ kẹfà nìyí, wọ́n ti wà nílé. Rọ́bà ìtọ̀, èyí tó ń gbé ìtọ̀ wọ inú báàgì, ṣì wà lára wọn, ọjọ́ kẹrìnlá ni wọ́n ní ká wá yọ ọ́. Ìbéèrè mi:
1. Ìtọ̀ inú báàgì máa ń mọ́ láàárọ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ti ilé ìgbẹ́ dé, á pọ́n.
2. Ìtọ̀ ń jò gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà, ó ń rin aṣọ.
3. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí wọn ò tíì yàgbẹ́. Bọ̀dá wa kan ti gbé àgbo jẹ̀dí wá.
4. Kí la máa rà sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n máa yọ rọ́bà?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ti rọ́bà ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló gba ìṣọ́ra jù. Nígbà tí wọ́n yọ prostate kúrò, wọ́n fa àpò ìtọ̀ wá sísàlẹ̀, wọ́n rán an mọ́ ọ̀nà ìtọ̀. Yíká rọ́bà yẹn ni ojú rírán náà ti ń jinná. Omi bíi 10 ml tí wọ́n fi kún bàlúùnù kékeré orí rọ́bà nínú àpò ìtọ̀ ni kò jẹ́ kó yọ jáde. Bí ẹnì kan bá wá fà á, ojú rírán ló ń fà.

Kí ìtọ̀ pọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá fipá yàgbẹ́ tàbí tí wọ́n rìn púpọ̀, kì í ṣe nǹkan tuntun. Kí wọ́n mu omi, á mọ́ padà. Bó bá dà bíi sóbò tí wọ́n bu omi lé, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá ki bí ọbẹ̀ ata, tí ẹ̀jẹ̀ dídì ń bá a jáde, ilé ìwòsàn yá.

Ti èyí tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́, inú báàgì lẹ máa wò. Bí ìtọ̀ bá ń wọ ibẹ̀ dáadáa, àpò ìtọ̀ ló ń sún kì, torí orí rọ́bà ń ha á lára. Dókítà lè kọ oògùn bíi oxybutynin fún un, wọ́n á sì ní kí ẹ dá a dúró kí wọ́n tó yọ rọ́bà. Ṣùgbọ́n bí báàgì bá gbẹ, rọ́bà ti ká tàbí ó ti dí. Ẹ tọ̀ ọ́ láti ojú ara dé báàgì: ṣé wọ́n jókòó lé e ni? Ṣé báàgì ga ju àpò ìtọ̀ lọ? Bí ẹ bá tún un ṣe tí ìtọ̀ ò wá fún wákàtí méjì, tàbí tí ìsàlẹ̀ ikùn ń wú tó sì ń dùn wọ́n, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Ọṣẹ lásán àti omi lẹ máa fi fọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láti ojú ihò ìtọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ má nù ún padà sókè. Kò sí Dettol, kò sí àdí. Ẹ fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ itan, kó dẹ̀ díẹ̀ kó má baà fà tí wọ́n bá na ẹsẹ̀. Ẹ máa da báàgì nù tó bá ti lé díẹ̀ ní ìdajì, ẹ fọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Bí kórópọ̀n bá wú tó dúdú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ká táwẹ̀lì sábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ tàbí ìró ni kí wọ́n máa lò.

Àkọ́bíBàbá
Ẹ ṣé gan-an ni. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ní bí rọ́bà bá dí, òun lè bá wa pààrọ̀ rẹ̀ nílé.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Rárá o! Rọ́bà tuntun tí wọ́n bá tì gba ojú tí kò tíì jinná lè ya ibẹ̀. Ìtọ̀ á máa jò sínú, bó bá sì jinná, ó lè lẹ̀ tóóró débi pé ìtọ̀ ò ní lè já geere mọ́. Dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ nìkan ni kó fọwọ́ kàn án. Kódà bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn mìíràn lẹ sáré gbé wọn lọ, ẹ kọ́kọ́ sọ pé prostate ni wọ́n yọ, kí ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́.

Apòògùn_Ìlú
Ìbéèrè kẹta: oògùn ìrora wo ni wọ́n ń lò? Bó bá jẹ́ tramadol tàbí èyí tó ní codeine, òun ló ń gan ìgbẹ́. Ẹ bi dókítà bóyá paracetamol nìkan á tó: wóró 500 mg méjì ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má kọjá wóró mẹ́jọ lójúmọ́. Ẹ ra lactulose, oògùn olómi tó ń rọ ìgbẹ́, 15 ml láàárọ̀, 15 ml lálẹ́. Ó máa ń gbà tó ọjọ́ kan sí méjì kó tó ṣiṣẹ́, ẹ má ti ìyẹn fi kún un. Ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́, omi lítà kan àtààbọ̀ sí méjì, àfi tí wọ́n bá ní àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín. Bí wọ́n bá jókòó sórí ṣáláńgá òyìnbó, ẹ gbé àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Àgbo jẹ̀dí ńkọ́? Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ bọ̀dá, kí ẹ gbé e pamọ́. A ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, òmíràn ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́, inú tó bá sì ń ṣí gbùúrù kò dára fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là níkùn. Pàtàkì jù: ohunkóhun ò gbọdọ̀ gba ìdí wọlé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò sí omi rírọ sí ìdí, kò sí oògùn ìdí. Ojú rírán yẹn àti ìfun ìsàlẹ̀ fara kanra.

Bí wọ́n bá kọ abẹ́rẹ́ enoxaparin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, fún wọn, ẹ gún un parí, nígbà mìíràn ó máa ń tó ọjọ́ 28. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sí ẹsẹ̀ lè gbéra lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tí ẹ̀yìn ojúgun ń dùn wọ́n, tàbí tí èémí ń há, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni ibà tó bá tó 38°C.

Bọ̀dá_Sáńgo
Kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré ìdárayá ìdí báyìí ni, kí iṣan tó ń mú ìtọ̀ dúró tètè le.

Físíò_Ìbàdí
Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pẹ̀lú rọ́bà lára. Ó máa ń bí àpò ìtọ̀ nínú ni, jíjò á sì pọ̀ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ ló bẹ̀rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n á ṣe ṣe é: kí wọ́n fa ìdí sókè bí ẹni tó ń mú ìsó mọ́ra, kí wọ́n sì máa mí. Ikùn, itan àti mùkúlú ìdí kò gbọdọ̀ le. Wọ́n á mú un fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, wọ́n á tú u sílẹ̀ fún márùn-ún. Mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ wọ́n á gbé e dé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Kí wọ́n fi ìdùbúlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ìjókòó àti ìdúró. Kí wọ́n tó sín, kí wọ́n tó wúkọ́, kí wọ́n tó dìde lórí àga, wọ́n á kọ́kọ́ fà á. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ń jò sí.

Ìbéèrè kẹrin: ẹ ra páàdì ọkùnrin tàbí páḿpásì àgbà, nǹkan bí ogún fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ mú mẹ́ta dání lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jò púpọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, pàápàá nírọ̀lẹ́ tó bá ti rẹ iṣan. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ló máa ń dínkù fún ọ̀pọ̀, ti ẹlòmíràn á tó ọdún kan. Bí ẹ bá ní ìwọ̀n ilé ìdáná, ẹ wọn páàdì gbígbẹ, kí ẹ wọn èyí tó tutù: gíráàmù kan dúró fún 1 ml. Ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí bàbá tó ti ń bọkàn jẹ́ rí i pé nǹkan ń sàn. Kí wọ́n dín obì, kọfí àti ọtí kù. Omi ni wọn ò gbọdọ̀ dín, torí ìtọ̀ tó bá ki máa ń ta àpò ìtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde rárá fún wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn yíyọ rọ́bà, ẹ padà síbẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ohun tó bá ju kílò mẹ́rin àtààbọ̀ lọ, kí wọ́n má gbé e. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà márùn-ún ti kọjá ìyẹn. Kí wọ́n má fa okùn jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n má gun ọ̀kadà. Bí wọ́n bá ń kírun, orí àga ni.

Àkọ́bíBàbá
Ọlọ́run á san yín lóore. Ó ku ọ̀kan tó ń ti Bàbá lójú láti bi dókítà: ọ̀rọ̀ ìyàwó.

Apòògùn_Ìlú
Àtọ̀ ò ní jáde mọ́, ìyẹn ò ní padà. Ó ṣì lè máa wù wọ́n, ó sì ṣì lè dùn mọ́ wọn. Kí nǹkan tó le padà lè gba oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì, ó kù sí ọwọ́ bí wọ́n ṣe dá iṣan ìmọ̀lára ẹ̀gbẹ́ prostate sí tó. Sildenafil, oògùn tó ń jẹ́ kó le, wà, dókítà ni kó kọ ọ́. Ẹni tó ń lo oògùn nitrate fún ọkàn ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìnlá, ẹ bèèrè ìwé àyẹ̀wò prostate tí wọ́n yọ. Ti Bàbá, odindi ni wọ́n yọ, nítorí náà PSA wọn (èròjà tí prostate ń tú sínú ẹ̀jẹ̀) ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ yẹ kó wà lábẹ́ 0.1 ng/ml. Mo ń sọ èyí torí ẹ̀yin mìíràn tó ń kà á: bó bá jẹ́ pé prostate tó kàn wú ni wọ́n ṣe fún bàbá tiyín, inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n hó jáde, èèpo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, jẹjẹrẹ ṣì lè mú un, PSA wọn ò sì ní já sí òdo. Ilé àyẹ̀wò kan náà ni kí ẹ máa lò. Kí ẹ sì ya fọ́tò ìwé náà kí ẹ tó fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.