Táyà run-flat mi ń jò díẹ̀díẹ̀: ṣé kí n lẹ̀ ẹ́ ni, àbí kí n ra tuntun?

Bọ̀dé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, orí mi ti ń dàrú.

BMW ni mò ń wà. Run-flat ni táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irú èyí tó lè gbé mọ́tò fún ìgbà díẹ̀ láìsí atẹ́gùn. Kò ní sípéà, kò ní jáàkì. Ibi tí èèyàn á ti máa wá sípéà nínú búùtù, bátìrì ló jókòó síbẹ̀. Ó ti ṣe díẹ̀ tí iná táyà ti ń tàn ní dáṣíbọọ̀dù. Tí mo bá gééjì, iná á kú. Tó bá tún ṣe sàà, á tàn padà. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún nìkan ni. Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni pé bí ẹ bá dúró tì í, ẹ ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe é. Ó dúró digbí bíi ti àwọn yòókù. Mo fọwọ́ pa á yíká, mi ò rí ìṣó, mi ò rí ibi tó ya.

Ẹni tó ta mọ́tò fún mi ní wọn kì í lẹ run-flat rárá, pé kí n lọ ra tuntun, kí n sì rà á ní méjì. Fọ́gánáísà kan ní kí n gbé e wá, pé òun á ti okùn bọ̀ ọ́ láti ìta, òun ò tiẹ̀ ní tú u. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n bọ́ gbogbo rẹ̀ dànù, kí n fi táyà lásán sí i. Èwo ni kí n gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀? Ṣé mo sì lè máa wà á lọ síbi iṣẹ́ bó ṣe wà yìí, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ní a lè wà á láìsí atẹ́gùn?

Ọ̀gá Táyà:
Bọ̀dé, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìbéèrè tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló lè sọ gbogbo ìyókù di asán. Ẹ má wà á mọ́ tí atẹ́gùn rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé run-flat lè gbé mọ́tò láìsí atẹ́gùn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, wọ́n fi rọ́bà líle kún un nínú, òun ló ń gbé ẹrù dúró nígbà tí atẹ́gùn bá tán. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe é fún kò ju bíi kìlómítà 80 lọ, eré ò sì gbọ́dọ̀ ju kìlómítà 80 ní wákàtí kan. Kí ẹ lè fi dé ibi tí wọ́n á ti bá yín wò ó ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Tí èrò bá kún inú mọ́tò, tí oòrùn sì mú, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé á tó ìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá ń wà á bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà ń ká, ó ń nà, ó ń gbóná, rọ́bà inú rẹ̀ sì ń họ. Tí mo bá tú irú rẹ̀ lórí ríìmù, mo máa ń bá èérún rọ́bà àti ìyẹ̀fun dúdú nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ inú á ti hunjọ yípo, nígbà míì àwọ̀ rẹ̀ á ti yí sí búlúù. Bí ihò tó wà lára irú táyà bẹ́ẹ̀ ò tiẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, mi ò ní lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tó ń wo ìta, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ "wọn kì í lẹ̀ ẹ́ rárá" yẹn kò ṣe jẹ́ òótọ́ délẹ̀, tí kò sì jẹ́ irọ́ délẹ̀. Àwọn tó ń ṣe táyà fúnra wọn ò fẹnu kò. Àwọn kan ní ká má dá a láṣà. Àwọn míì gbà pé ká lẹ̀ ẹ́ tí wọn ò bá tíì wà á láìsí atẹ́gùn, tí ihò náà bá wà ní ojú tó ń tẹ ilẹ̀, tí kò sì ju mìlímítà 6 lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló lu, kò sẹ́ni tó gbà. Ẹ wo ohun tí àwọn tó ṣe tiyín sọ.

Ti okùn tí wọ́n fẹ́ tì bọ̀ ọ́ láti ìta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tí kò bá tú táyà kò lè rí inú rẹ̀, inú yẹn gan-an la sì fẹ́ rí. Páàṣì onírù ni kí wọ́n lò: ìrù á dí ihò, orí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ inú.

Ìyá Dọlápọ̀:
Ọ̀gá, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ ti ń lẹ táyà tí a ò tíì mọ ibi tó ti ń jò. Bọ̀dé ní òun ò rí ìṣó. Ta ló wá sọ pé táyà ló ń jò?

Ọmọ mi, po ọṣẹ mọ́ omi kó hó dáadáa, fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́yìn tí o bá ti gééjì táyà dé iye tó yẹ. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu fáàfù. Ṣí ìdérí, da ọṣẹ sí i, wò ó. Lẹ́yìn náà, ìdí fáàfù, níbi tó ti wọ inú ríìmù. Àwọn mọ́tò tí sẹ́ńsọ̀ wọn, ìyẹn ohun tó ń wọn atẹ́gùn táyà, wà lára fáàfù, rọ́bà kékeré tó wà nídìí rẹ̀ máa ń gbó, fáàfù tó jẹ́ alumíníọ̀mù sì máa ń jẹrà. Tìyẹn ò wọ́n rárá, síbẹ̀ mo ti rí ẹni tó ra táyà tuntun nítorí rẹ̀, tó gbé e sórí fáàfù jíjò yẹn kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó lọ sí etí ríìmù, ìta àti inú. Ti inú ni kí o fara balẹ̀ wò jù. Ẹ̀gbẹ́ run-flat kì í rọ̀, torí náà tí mọ́tò bá já sínú kòtò, ríìmù ló ń jẹ ìyà ẹ̀. Ó lè sán ní apá inú, kí ìta máa dán gbinrin. O ò lè rí i àfi tí o bá bọ́ ẹsẹ̀ náà.

Nǹkan kan tún wà. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ohun tó ń ṣọ́ atẹ́gùn táyà, iye tí òfin náà sì ní kí iná tàn sí ni ìgbà tí ìdá kan nínú mẹ́rin bá ti lọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin kì í ṣe kékeré. Torí náà má dúró de iná. Ra gééjì tìrẹ, máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí mọ́tò tó kúrò lójú kan, torí tí táyà bá ti gbóná, iye tó máa sọ fún ọ á ti ga sókè. Òtútù náà lè tan iná yẹn, ṣùgbọ́n ìyẹn á kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹyọ kan ló ń ṣe tìrẹ, nítorí náà ó ń jò ni.

Kúnlé Alápá:
Tèmi ò gùn. Bọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi, bọ́ wọn dànù. Run-flat le bí igi, ó wúwo, ó wọ́n, gbogbo gbágungbàgun ọ̀nà ló ń wọ èèyàn léegun. Láti ọjọ́ tí mo ti fi táyà lásán sí tèmi ni mo ti ń gbádùn mọ́tò.

Ọ̀gá Táyà:
Kúnlé, mi ò bá ẹ jiyàn pé ó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sọ ọ́ tán fún un ni. Kí ló wà nínú búùtù rẹ báyìí?

Kúnlé Alápá:
Ẹ̀rọ tó ń fọn táyà àti oògùn inú agolo tó ń dí ihò táyà. Mo gbà, ọ̀gá.

Ọ̀gá Táyà:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò lórí run-flat, kó pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀. Wọn kì í da run-flat àti táyà lásán pọ̀ lórí mọ́tò kan. Kó rí i pé iye ẹrù àti eré tí wọ́n kọ sára táyà tuntun kò kéré sí ti àtijọ́. Kó sì mọ̀ pé tí ìṣó bá wọ ọ́ lóru, kò sí kìlómítà 80 kankan tó ń dúró dè é. Mọ́tò tó bá sì ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wakọ̀, ẹ má jẹ́ kí jíjẹ táyà kan yàtọ̀ púpọ̀ sí èkejì, ó ń ni àwọn jíà lára.

Súnmi:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ṣé kò ṣeé ṣe kó kàn fọ́n oògùn inú agolo yẹn sí i, kó sì gbàgbé ẹ̀?

Ọ̀gá Táyà:
Àbúrò, ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà míì nìyẹn wà fún. Á lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀, á bo inú táyà, ẹni tó bá sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Tó bá wá jẹ́ pé ríìmù ló sán, oògùn yẹn ò wò ó.

Bọ̀dé:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìyá Dọlápọ̀, Olúwa á bù kún yín, mà. Ẹnu fáàfù ò jò, ìdí rẹ̀ ò jò. Nígbà tí wọ́n bọ́ ẹsẹ̀ náà tí a da ọṣẹ sí apá inú, a wò ó títí, ó kù díẹ̀ kí n sọ pé kò sí níbẹ̀ náà. Ìgbà yẹn ni òfóòfó kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan ní etí ríìmù, níbi tí táyà ti bá irin pàdé.

Ibi tí mo gbé e lọ ní ẹ̀rọ tó ní apá tó ń ti ẹ̀gbẹ́ táyà wálẹ̀, kò sẹ́ni tó fi irin já a. Mo dúró tì wọ́n. Inú táyà mọ́, kò sí èérún kankan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò hunjọ. Ríìmù gan-an ni: ọ̀dà etí rẹ̀ ti wú, ó ti bó, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí irin fi dán, wọ́n yẹ ríìmù wò bóyá ó sán, kò sán. Wọ́n fi oje tí wọ́n ń fi dí etí kùn ún, wọ́n dá táyà yẹn náà padà. A tún da ọṣẹ sí i, kò yọ òfóòfó mọ́.

Ìbéèrè méjì ló kù. Iná ṣì ń tàn, bẹ́ẹ̀ mo ti gééjì dé iye tí wọ́n kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Èkejì, wọ́n fi nọ́ńbà kan hàn mí lára táyà, 3118 ló kẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní ó ti dàgbà.

Ọ̀gá Táyà:
Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ti iná, ẹ lọ sínú mẹ́nù mọ́tò, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tún ìṣọ́ táyà ṣe, ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí táyà bá tutù, kí ẹ sì wakọ̀ díẹ̀ kó lè kọ́ ọ. Ẹ gééjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ o. Iye tí ẹ bá fún un nígbà yẹn ló máa gbà pé ó tọ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú táyà kan tí kò kún, á máa ṣọ́ iye tí kò tọ́ fún yín, iná ò sì ní tàn nígbà tó yẹ.

3118: ọ̀sẹ̀ 31 ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Ìwé ọwọ́ BMW ní kí a má lo táyà ju ọdún 6 lọ, bó ti wù kí ojú rẹ̀ ṣì dára tó. Ẹni tó ní ẹ ra méjì kò ṣìnà nígbà náà, ìdí tó fún yín nìkan ni kò tọ́. Ẹ wo ọjọ́ orí ti ẹ̀yìn kejì. Tó bá jẹ́ ọdún kan náà, ẹ rà á ní méjì, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fún yín ní èyí tó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Dọlápọ̀:
Bọ̀dé, ọjọ́ tí wọ́n bá bọ́ ẹsẹ̀ láti fi táyà tuntun sí i, ní kí wọ́n ha etí ríìmù ẹ̀yìn kejì náà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé orí mọ́tò yẹn, ó ṣeé ṣe kí ìyẹ̀fun funfun yẹn ti wà lábẹ́ tirẹ̀ náà.

Bọ̀dé:
Mo ti gbọ́, mà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn.