Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 3D Slicer ní Rẹ́mọ

Ará Ṣágámù: Ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ kọ́ àwọn olùwádìí ìṣègùn bí a ti ń fi 3D Slicer, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, wo àwòrán síkáánì yíká, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wọn kò lágbára. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìlíṣàn: Àbúrò, ImageJ, ètò mìíràn tí a fi ń wo àwòrán, ni kí o kọ́kọ́ fi kọ́ wọn, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo. Dà á sórí fláàṣì ṣáájú ọjọ́ náà. Má gbẹ́kẹ̀ lé íntánẹ́ẹ̀tì.

Ará Ìjẹ̀bú-Òde: Àwòrán tí àwọn fúnra wọn ń ṣiṣẹ́ lé lórí ni kí ẹ lò, àmọ́ kí ẹ ti yọ orúkọ aláìsàn kúrò nínú fáìlì DICOM (irú fáìlì tí a ń tọ́jú àwòrán síkáánì sí), torí ó lè wà níbẹ̀ bí kò tilẹ̀ hàn lójú àwòrán.

Ará Ṣágámù: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ti orúkọ yẹn kò tilẹ̀ sí lọ́kàn mi.